Oúnjẹ Ilẹ̀ Jàpáànì Lójú Ọmọ Ọ̀sì àti Ìlọ́fà

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò máa sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ohun tí òwe yìí sọ nípa oko bá ìkòkò ọbẹ̀ mu pẹ̀lú. Oúnjẹ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn fi ń mọ ìlú tí kì í ṣe tiwọn. Bí a bá dárúkọ Ìjẹ̀bú, gàrí ni ó ń wá sí ọkàn olùgbọ́. Bí a bá dárúkọ Ìbàdàn, àmàlà ni. Bí a bá sì dárúkọ Èkìtì, ìbáà jẹ́ Èkìtì tí ó ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀, ìbáà jẹ́ èyí tí ó wà lábẹ́ Kwara láti ọdún 1967 tí a ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, iyán ni gbogbo ẹnu yóò pè. Wọn kò parọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń jẹ iyán láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, láti Oṣù Kìíní títí dé Oṣù Kejìlá? Iyán lókìkí púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ gbogbo ohun tí ó ń lọ nínú ilé ìdáná Ọ̀sì tàbí ti Ìlọ́fà.

Bákan náà ni ọ̀ràn àwọn ará Jàpáànì rí. Orúkọ mẹ́ta ni aráyé mọ̀ mọ́ oúnjẹ wọn. Èkíní ni sushi, ìrẹsì tí a fi ọtí kíkan po, tí a sì sábà máa ń gbé ẹja tútù lé lórí. Èkejì ni tempura, edé, ẹja tàbí ẹ̀fọ́ tí a rì bọ ìyẹ̀fun pípò kí a tó dín in. Ẹ̀kẹta ni ramen, oúnjẹ gígùn bí okùn tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi ẹran. Bí a bá sì tú wọn wò fínnífínní, ọ̀dọ̀ àwọn Potogí tí ó dé etíkun Jàpáànì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni tempura ti wá, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà sì ni ramen ti ṣẹ̀. Àlejò ni méjì nínú àwọn mẹ́ta tí ó lókìkí jùlọ! Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ àwọn onílé gan-an ní láti kọjá ìloro, kí ó wọ inú àgbàlá. Níbẹ̀ ni ọmọ Ọ̀sì tàbí ọmọ Ìlọ́fà yóò ti rí ohun ìyanu: yóò rí odó, yóò rí iṣu, yóò gbóòórùn irú.

Odó ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ kàn, nítorí pé agbègbè gbẹ́nàgbẹ́nà ni agbègbè yìí. Ní Ọ̀sì ni Aréógun, tí ó kú ní ọdún 1954, ti gbẹ́ ilẹ̀kùn, ọpọ́n àti ère ẹpa tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun. Ní Odò-Ọwá, tí kò jìnnà sí Ìlọ́fà, ni Bámigbóyè, tí ó kú ní ọdún 1975, ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 2022, ilé ìṣúra iṣẹ́ ọnà ti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ Bámigbóyè fún gbogbo ayé wò. Odó tí a fi ń gún iyán kì í sábà rí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ igi ni òun náà, ọwọ́ ọlọ́nà ni ó sì gbẹ́ ẹ. Ilé ìdáná ni ó ń gbó sí; bí ó bá sán, wọn a sọ ọ́ di ìjókòó àwọn ọmọdé, tàbí kí wọ́n fi dá iná.

Àwọn ará Jàpáànì náà ní odó, wọ́n ń pè é ní usu. Mochi ni oúnjẹ tí wọ́n ń gún nínú rẹ̀. Ìrẹsì tí a fi ń ṣe é kì í ṣe ìrẹsì ojoojúmọ́. Ẹ̀yà kan tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ra ni. Wọn a rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, wọn a fi ooru omi sè é, wọn a sì dà á sínú odó nígbà tí ó bá ṣì ń gbóná. Ọmọ odó wọn, tí ń jẹ́ kine, kò rí gbọọrọ bí ti ilẹ̀ Yorùbá. Òòlù onígi ni, tí a ń gbé sókè kọjá orí kí a tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹnì kan ń gún, ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ odó, ó ń fi ọwọ́ tí ó rì bọ omi yí oúnjẹ náà padà láàárín ìró kan sí ìró kejì. Ẹni tí kò bá mọ ìlù iṣẹ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò fi san gbèsè. Nígbà tí wọ́n bá gún un tán, kò ní kókó, ó funfun, ó ń fà. Ìyá arúgbó kan láti Ìlọ́fà tí ó bá dé ibẹ̀ kò ní nílò ògbufọ̀. Kìkì ohun tí yóò béèrè ni ibi tí ọbẹ̀ wà.

Ọbẹ̀ sì wà. Ní ọjọ́ kìíní ọdún, inú ọbẹ̀ tí ń jẹ́ zōni ni wọ́n ń fi mochi sí. Ní Kyoto, miso funfun ni wọ́n fi ń sè é, mochi wọn a sì rí roboto. Ní Tokyo, omi ọbẹ̀ náà a mọ́ gaara, mochi wọn a ní igun mẹ́rin, iná ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń fi yan án. Bí ọmọ ìlú kan ti ń fi zōni ìlú rẹ̀ yangàn sí ọmọ ìlú kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Ọ̀sì àti ọmọ Ìlọ́fà ṣe lè jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú lórí ọwọ́ ẹni tí iyán ti ń fẹ́lẹ́ jù. Kí ọdún tó wọlé, wọn a to mochi roboto méjì lé ara wọn, wọn a gbé e kalẹ̀ fún òrìṣà tí ń mú ọdún tuntun wá. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó ń jẹ ẹ́. Ṣé àjèjì ni ìyẹn sí àwọn tí baba wọn kì í jẹ iṣu tuntun kí wọ́n tó fi bọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n bọ? Òkèlè mochi sì lágbára jù ti iyán lọ. Ọdọọdún ni ó máa ń há àwọn arúgbó kan lọ́nà ọ̀fun, tí wọ́n sì ń ti ibẹ̀ kú. Ìdí nìyí tí àwọn aláṣẹ fi ń kìlọ̀ ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé kí a gé e wẹ́wẹ́ fún àgbàlagbà.

Láti orí odó, ó yẹ kí a dé orí iṣu, tí ẹnu Èkìtì ń pè ní uṣu. Nàìjíríà ni ó ń gbin iṣu jù ní gbogbo àgbáyé, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ó ní in. Iṣu kan wà ní Jàpáànì tí ń jẹ́ yamaimo, èyí tí í ṣe iṣu orí òkè. Èyí tí ó ń hù nínú igbó fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní jinenjo. Ìbátan iṣu ilẹ̀ Yorùbá ni, ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko kà wọ́n sí. Iyàtọ̀ ibẹ̀ nìyí: ní tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́! Iṣu ilẹ̀ Yorùbá kò ṣe é jẹ bẹ́ẹ̀. Iná ni ó ń mú un tọ́ sí ọ̀fun, kí ẹnikẹ́ni má sì dán an wò. Tiwọn ni wọ́n ń rin, tí yóò sì yọ̀ gọ̀lọ̀gọ̀lọ̀ bí ewùrà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rin fún ọ̀jọ̀jọ̀. Wọn a fi omi ọbẹ̀ díẹ̀ là á, wọn a dà á lé ìrẹsì tí a sè pọ̀ mọ́ ọkà báálì. Tororo ni orúkọ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àlejò láti ilẹ̀ òyìnbó ni kì í lè gbé tororo mì, nítorí pé ohun tí ń yọ̀ máa ń dẹ́rù bà wọ́n. Kí ni ọmọ Yorùbá yóò fi èyí ṣe? Ẹni tí a fi ewédú wẹ ọ̀fun rẹ̀ láti kékeré, tí ó ti lá ilá àti ààpọ̀n, tí ó mọ̀ pé ọbẹ̀ tí kò fà kò tíì jinná, ahọ́n rẹ̀ ti ka ìwé náà tán kí ó tó dé Jàpáànì. Àwọn ará Jàpáànì tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ adùn kan, neba-neba, tí wọ́n fi ń júwe gbogbo ohun tí ó ń fà tí ó sì ń yọ̀. Ó jọ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé Yorùbá ní ìró àti ní ìtúnpè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ohun tí gọ̀lọ̀gọ̀lọ̀ ń ṣe nínú gbólóhùn yóò mọ ohun tí neba-neba ń ṣe. Ilá náà sì wà lára àwọn oúnjẹ neba-neba yìí. Okura ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí ó ti ẹnu àwọn Igbo bọ́ sí ẹnu Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bí iṣu rírin kò bá sì wu ènìyàn ní tútù, okonomiyaki wà. Ìtumọ̀ orúkọ yìí ni pé kí olúkúlùkù yan ohun tí ó bá wù ú. Wọn a po ìyẹ̀fun pẹ̀lú ẹyin, àti kábéèjì tí a rẹ́ wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ a sì rin yamaimo sí i kí ó lè fúyẹ́. Wọn a tẹ́ ẹ sórí irin gbígbóná, wọn a fi ẹran tàbí edé sí i. Ní Osaka, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń po pọ̀. Ní Hiroshima, ńṣe ni wọ́n ń tò ó ní ìpele ìpele. Oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà ni, oúnjẹ àwọn tí owó wọn kò tó ra ẹja tútù. Ọ̀jọ̀jọ̀ ni ó jọ jù nínú gbogbo oúnjẹ Yorùbá, òun náà sì ni oúnjẹ tí àwọn ìwé ń gbàgbé bí wọ́n bá ń to orúkọ oúnjẹ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná jù ni natto. Nínú gbogbo oúnjẹ Jàpáànì, òun ni ó yẹ kí ọmọ Ọ̀sì kọ́kọ́ tọ́ wò, nítorí pé ará ilé rẹ̀ ni. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń rẹ, tí wọ́n ń sè títí tí yóò fi rọ̀, tí wọ́n sì ń dì nígbà tí ó bá ṣì gbóná. Ní àtijọ́, inú pòròpórò ìrẹsì ni wọ́n ń dì í sí, nítorí pé ara pòròpórò yẹn ni kòkòrò àìrí tí ń ṣiṣẹ́ náà ń gbé. Wọn a fi í sí ibi tí ó móoru fún nǹkan bí ọjọ́ kan. Nígbà tí wọ́n bá tú u, yóò ti máa fà bí okùn aláǹtakùn, òórùn rẹ̀ yóò sì ti gba ilé kan. Wọn a po ó títí, wọn a fi músítádì àti omi sóyà oníyọ̀ sí i, wọn a dà á lé ìrẹsì gbígbóná láàárọ̀. Ìlú Mito ni a mọ̀ mọ́ ọn jù. Ní ìhà Osaka, ọ̀pọ̀ ni kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, wọ́n sì ń sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú.

Ẹ wá wo irú. A ó gbé èso igi igbá kaná láti àárọ̀ di alẹ́, nígbà mìíràn mọ́jú. A ó tẹ̀ ẹ́ tàbí kí a gún un díẹ̀ kí èèpo rẹ̀ lè bó, a ó fọ̀ ọ́ lódò, a ó tún un sè, a ó dà á sínú igbá tàbí agbọ̀n, a ó fi ewé àti aṣọ bò ó mọ́lẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, yóò ti pọ́n, yóò ti máa fà, òórùn rẹ̀ yóò sì ti kéde ara rẹ̀ dé ilé kẹta. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ àwọn oúnjẹ méjèèjì wò, kòkòrò àìrí kan náà, tí ń jẹ́ Bacillus subtilis, ni wọ́n bá nídìí iṣẹ́ méjèèjì. Kò sí ọkọ̀ òkun tí ó gbé ọgbọ́n yìí láti etíkun kan dé èkejì. Obìnrin ilẹ̀ yìí rí i fúnra rẹ̀, àgbẹ̀ ilẹ̀ ọ̀hún náà rí i fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì ka ẹ̀kọ́ náà tán kí a tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ní báyìí tí igi igbá ń dínkù, tí wọ́n ń gé e ṣe èédú, àwọn kan ní Nàìjíríà ti ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe irú. Bí ará Mito bá rí i, yóò pè é ní natto.

Ohun tí ó yẹ kí ó dun ènìyàn nìyí. Òórùn kan náà ni oúnjẹ méjèèjì ní, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kan náà kọ́ ni wọ́n ń rí. Natto wà lórí tábìlì òwúrọ̀ àti nínú àwọn ilé ìtajà ńlá. Wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí òkè òkun, àwọn oníṣègùn sì ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Irú ni ọmọ ilé ìwé ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó má dì mọ́ ẹrù òun, kí àwọn ẹgbẹ́ òun má baà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé ibùsùn. Irú ni ìyàwó ilé tí ó lọ sí ìlú ńlá ń fi pamọ́ sínú ike mẹ́ta kí àlejò tó dé. Ojú tí ń ti ènìyàn nítorí òórùn ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ kì í dúró lórí ọbẹ̀ nìkan. Láìpẹ́, ojú yóò máa tì í nítorí ohùn ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà nítorí orúkọ ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè Yorùbá ni ó ti rí àkẹ́kọ̀ọ́ tí ó dé orí ìgbésẹ̀ kejì yẹn, tí kò sì mọ̀ pé inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ó ti gbé ìgbésẹ̀ kìíní.

Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ ni ó ń runú o. Chawanmushi jẹ́jẹ́ bí ọmọ tuntun. Wọn a lu ẹyin mọ́ omi ọbẹ̀, wọn a dà á sínú ife kékeré, wọn a fi edé, adìyẹ wẹ́wẹ́ àti olú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọn a sì fi ooru omi sè é títí tí yóò fi dì. Ẹni tí ó bá fi ṣíbí wá inú rẹ̀ yóò máa bá nǹkan pàdé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ni èyí bí kò ṣe ìmọ̀ tí ó bí mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje? Ẹ̀wà ni ti ibí, ẹyin ni ti ọ̀hún. Ewé eéran ni aṣọ ti ibí, ife amọ̀ ni aṣọ ti ọ̀hún. Ooru omi kan náà ni ó se méjèèjì. Ewé kò sì ṣàjèjì sí wọn. Ní Nara, wọ́n ń fi ewé igi kan di sushi alẹ́ja oníyọ̀ bí a ti ń fi ewé di ẹ̀kọ, kí ó lè pẹ́ kí ó tó bàjẹ́, kí ewé sì fi òórùn dídùn rẹ̀ sí i lára.

Ẹ̀wà tún wà ní ibi ayọ̀ wọn. Bí ohun ìdùnnú bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé, wọn a sè sekihan, ìrẹsì tí ń lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà pupa kéékèèké tí ń jẹ́ azuki. Omi ẹ̀wà náà a pa ìrẹsì láró, yóò pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àwọ̀ pupa yẹn ni wọ́n fi ń kí ayọ̀ káàbọ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń sè ẹ̀wà fún ìbejì, tí a ń pe àwọn ọmọdé àdúgbò jọ láti wá jẹ, kò ní béèrè ìdí tí ẹ̀wà fi jẹ́ oúnjẹ ìdúpẹ́. Ẹ̀wà azuki yìí kan náà ni wọ́n ń fi ṣúgà sè di ọbẹ̀ dídùn, zenzai, tí wọ́n sì ń fi mochi yíyan sínú rẹ̀ nígbà òtútù. Àgbàlagbà lè kọ́kọ́ fajú ro sí ẹ̀wà oníṣúgà. Ọmọ ilé ìwé tí ó ti fi ṣúgà jẹ ẹ̀wà rí kò ní fajú ro.

Ó yẹ kí a béèrè wàyí pé, nínú gbogbo oúnjẹ wọ̀nyí, èwo ni ó ti dé Ọ̀sì àti Ìlọ́fà? Kò sí natto ní ọjà, kò sí tororo, kò sí sekihan. Ohun tí Jàpáànì fi ránṣẹ́ ni ẹja inú agolo tí ń jẹ́ Geisha, àti ìyẹ̀fun funfun wínníwínní inú ọ̀rá kékeré tí ń jẹ́ Ajinomoto. Ìtàn ìyẹ̀fun yìí kún fún ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1908, onímọ̀ kan ní yunifásítì Tokyo, Kikunae Ikeda, ń wádìí ohun tí ń mú kí omi tí a fi kombu, ewé inú òkun kan, sè máa dùn. Kì í ṣe iyọ̀, kì í ṣe ṣúgà, kò kan, kò korò. Ó rí èròjà náà, ó sì pe adùn rẹ̀ ní umami. Ní ọdún 1909 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta á. Ilé iṣẹ́ náà ti ní ẹ̀ka ní Nàìjíríà láti ọdún 1991.

Adùn tí Ikeda fi orúkọ fún yìí, ṣé kò sí nínú ìkòkò Èkìtì kí ìyẹ̀fun náà tó dé? Ó wà níbẹ̀ kí a tó bí baba Ikeda. Nígbà tí kòkòrò àìrí bá ń jẹ èso igbá, ohun tí ó ń tú sílẹ̀ lára rẹ̀ ni èròjà yìí kan náà. Òun ni ó mú kí irú máa sọ ọbẹ̀ tí kò ní ẹran di ọbẹ̀ tí ènìyàn ń lá ọwọ́ sí. Ẹni tí ó bá fi irú sílẹ̀ tí ó ra ìyẹ̀fun funfun rà padà díẹ̀ nínú ohun tí ó jù nù. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi Ikeda, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ń tà á. Ikeda wo inú ìkòkò ìyàwó ilé Jàpáànì, ó gbà pé ìmọ̀ wà níbẹ̀, ó sì lọ wádìí rẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù fún àwọn onímọ̀ ilẹ̀ yìí ni bóyá àwọn náà ti wo inú ìkòkò ìyá wọn pẹ̀lú irú ojú bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn ará Jàpáànì kò pàdánù ohunkóhun. Ìró odó ti dákẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé wọn. Ẹ̀rọ oníná ni ó ń gún mochi fún wọn láti àwọn ọdún 1970, bí ìyẹ̀fun inú ọ̀rá ti ń rọ́pò iyán gígún ní ìlú ńlá Nàìjíríà. Inú ike ni wọ́n ń di natto sí dípò pòròpórò. Ìrẹsì pàápàá ti dínkù lẹ́nu wọn: ní ọdún 1962, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bí kílò 118 lọ́dún, lóde òní, kò tó ìdajì rẹ̀. Ìbẹ̀rù yìí ló wà nínú òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2005, pé kí a máa kọ́ àwọn ènìyàn, pàápàá àwọn ọmọdé, ní ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ. Ìbẹ̀rù kan náà ló sì wà lẹ́yìn bí wọ́n ti bẹ àjọ UNESCO, tí ó fi àṣà oúnjẹ wọn, washoku, kún àwọn ogún ìran ènìyàn ní ọdún 2013. Ẹni tí ohun ìní rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ gbọningbọnin kì í sábà lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Wọ́n rí i pé ó ń bọ́, wọ́n sì nawọ́ dì í mú.

Àwọn olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí wá kàn jù. Nígbà tí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ lórí oúnjẹ ilẹ̀ Yorùbá, iyán, ẹ̀bà àti àmàlà ni yóò kọ; yóò fi òwe méjì sí i, yóò sì gba máàkì. Ta ni yóò kọ nípa ọbẹ̀ ìṣápá tí a fi ẹ̀gúsí sè, tí kíkan rẹ̀ ń sọ iyán di tuntun lẹ́nu? Ta ni yóò kọ nípa òtílí, ẹ̀wà líle tí ń jẹ igi ìdáná, tí ó sì ń bọ́ ilé ní àkókò tí iṣu kò tíì dé? Èkuru ńkọ́, tí kò ní epo tí kò ní ata, tí ó sì dùn? Àádùn ńkọ́? Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá mọ oúnjẹ náà, kò lè mọ ọ̀rọ̀ tí ó rọ̀ mọ́ ọn. Rírin, gígún, rírò, pípo, fífọ́, lílọ̀, yíyan, sísun, dídín: ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n agbára tirẹ̀ àti ohun èlò tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì dúró ti ìyá rẹ̀ nídìí ààrò yóò fi «sè» túmọ̀ gbogbo wọn. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìwé ìdánwò lọ́dọọdún nìyẹn.

Iṣẹ́ tí ó yẹ kí a fún akẹ́kọ̀ọ́ kò pọ̀. Kí ó lọ bá ìyá rẹ̀ àgbà, kí ó béèrè oúnjẹ kan tí òun kò jẹ rí, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ bí ẹnu Ọ̀sì tàbí ẹnu Ìlọ́fà ti pè é gan-an, kí ó má sọ ọ́ di ti Ọ̀yọ́. Kí ó kọ ewé tí a fi dì í, àkókò tí a ń jẹ ẹ́, ẹni tí kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ àti ìdí rẹ̀. Kí ó sì dúró tì í nígbà tí ó bá ń sè é. Nígbà tí ọmọ bá ti rí i pé àwọn ènìyàn kan wà ní òpin ayé kejì tí wọ́n ń gún nǹkan nínú odó, tí wọ́n ń rin iṣu, tí wọ́n sì ń di ẹ̀wà títí tí yóò fi runú, yóò mọ̀ pé ohun tí ìyá òun ń ṣe kì í ṣe ìwà ará oko. Bóyá nígbà náà ni yóò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ di irú mọ́ ẹrù rẹ̀ bí ó bá ń padà sí ilé ìwé. Kí ìyá sì dì í dáadáa, nítorí àwọn tí ó bá wọ mọ́tò kan náà.